Atẹ́gùn Tí Mo Ṣèlérí fún Màmá Àbíjàn

Mo lè gbàgbé orúkọ ara mi, àmọ́ ọjọ́ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi láé: ọjọ́ tí mo fẹ́ fi éésì ọkọ̀ wá ojúrere ìyá ọmọbìnrin tí mo fẹ́ gbé níyàwó.

Bọ́sẹ̀ lorúkọ ọmọbìnrin náà. Èjìgbò lòun pẹ̀lú mi ń gbé, àmọ́ Àbíjàn ni màmá ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ọdún, títí bàbá ẹ̀ fi kú síbẹ̀. Nígbà tí màmá padà dé, wọ́n ní àwọn máa lọ rí ẹ̀gbọ́n àwọn ní Ọlá lọ́jọ́ Sátidé, ibẹ̀ làwọn á sì ti sọ bóyá àwọn gbà kí n fẹ́ Bọ́sẹ̀ àbí àwọn ò gbà. Ta ló máa gbé wọn lọ? Èmi náà ni. Kí ẹnikẹ́ni tó bi mí ni mo ti ń fọ́nnu: "Mà, ẹ má bẹ̀rù ooru. Pẹ̀lú éésì ọkọ̀ mi, ṣe lẹ máa rò pé ẹ ṣì wà ní Àbíjàn." Wọ́n ní, "Dákọ̀ọ̀." Bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe máa ń sọ pé ó dáa nìyẹn.

Àfi bó ṣe di ọjọ́ Ẹtì tí éésì yí padà. Ó ń tutù o, àmọ́ kò lágbára. Mo yí i dé orí nọ́ńbà mẹ́rin, ariwo ni fáànù ń pa, atẹ́gùn tó ń jáde ò lè mi ìwé. Bọ́sẹ̀ ní kí n gbé e lọ fún mẹkáníìkì. Èmi? Tíṣà físíìsì? Mo ní gáàsì ló tán. Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń rọ gáàsì, ó wọ̀n ọ́n, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gáàsì yín pé. Nǹkan ló dí ọ̀nà atẹ́gùn. Ẹ jẹ́ n bá yín tú u." Mo ní kó má ṣèyọnu, pé tó bá ti jẹ́ ibẹ̀ ni, iṣẹ́ ti bùṣe.

Inú mi ń dùn ṣìnkìn bí mo ṣe délé. Mo tú àpótí kékeré iwájú ọkọ̀, mo fa asẹ́ tó ń gba ìdọ̀tí dúró jáde. Ẹ bá mi wo nǹkan. Èèpo ẹ̀pà, ìyẹ́ adìyẹ, ewé gbígbẹ, àti ibùsùn odindi ìdílé eku kan. Mo wá rántí pé abẹ́ àtíbàbà tí bàbá mi ń kó ẹ̀pà sí ní Isundunrin ni ọkọ̀ yẹn wà ní gbogbo àsìkò ìsinmi. Mo fò sókè, mo pe Bọ́sẹ̀ lórí fóònù: "Mo ti rí i! Mo ti rí i!" Kí ìdọ̀tí má bàa já sínú fáànù, mo bọ́ síńgílẹ́ẹ̀tì ọrùn mi, mo fi dí ẹnu ẹ̀, mo wá gbọn asẹ́ náà dáadáa. Ìdùnnú yẹn pọ̀ débi pé mo dá asẹ́ padà, mo ti àpótí pa, mo wọlé lọ jẹun. Mi ò tan ọkọ̀ wò. Mo ní màmá ló yẹ kó kọ́kọ́ gba atẹ́gùn yẹn.

Sátidé pé. Màmá wọ léèsì funfun, wọ́n jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Bọ́sẹ̀ wà lẹ́yìn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró kí oòrùn mú, kí iyì éésì lè hàn. Bá a ṣe jáde ní Èjìgbò, mo ní, "Mà, ẹ gbé ojú yín sún mọ́ ihò yẹn." Wọ́n gbé e sún mọ́ ọn. Mo yí i dé orí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan náà.

Fùù. Èèpo ẹ̀pà, eruku, ìyẹ́ adìyẹ, gbogbo ohun tó ṣẹ́ kù nínú ihò ló tú sójú màmá, ó bo gèlè, ó bo léèsì. Kí n tó la ẹnu, nǹkan ṣe gìrì-gìrì-gìrì lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, atẹ́gùn sì dákẹ́ pátápátá. Màmá yọ ìyẹ́ kan kúrò ní ètè wọn. Wọ́n ní, "Dákọ̀ọ̀."

Ó yẹ kí èmi náà dákẹ́. Ṣé mo dákẹ́? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ màmá bí gáàsì ṣe ń di omi, bí omi ṣe ń padà di gáàsì, òógùn ń kán ní imú mi bí mo ṣe ń sọ ọ́. Wọ́n rọra bi mí pé, "Ṣé asẹ́ ẹ̀ wà níbi tó yẹ kó wà?" Mo rẹ́rìn-ín ẹni tó mọ̀wé. Mo ní, "Mà, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ni, ó jinlẹ̀ díẹ̀." Bọ́sẹ̀ wúkọ́ lẹ́yìn wa.

"Páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́," màmá ní.

Mo rò pé wọ́n fẹ́ wá ọ̀kadà padà sílé, kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó mi sì parí sójú títì. Àṣé wọn ò lọ síbì kankan. Wọ́n ní kí n pa ọkọ̀, wọ́n ká apá aṣọ sókè, wọ́n tẹ ẹ̀gbẹ́ àpótí náà lọ́tùn-ún lósì, ó wálẹ̀ wẹ́rẹ́. Wọ́n fa asẹ́ jáde, wọ́n kiwọ́ wọnú fáànù, wọ́n yí ọwọ́, wọ́n sì fa síńgílẹ́ẹ̀tì mi jáde, tòun ti ibi tó ti ya lábíyá.

Wọ́n gbé e sókè. "Mẹkáníìkì ẹ ló gbàgbé èyí síbẹ̀, àbí?"

Ọ̀nà àbáyọ rèé. Irọ́ náà ti dé orí ahọ́n mi. Àmọ́ mo wo léèsì wọn, ojú tì mí gidigidi. Mo ní, "Rárá, Mà. Tèmi ni. Èmi ni mo tú u, mi ò sì mọ̀ ọ́n ṣe."

Wọ́n dá asẹ́ padà, wọ́n ní kí n tan ọkọ̀. Atẹ́gùn tó jáde fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣí gèlè lórí wọn. Bọ́sẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ní, "Éésì ọkọ̀ ni màámi àti bàámi jọ ń tún ṣe ní Àbíjàn. Iṣẹ́ tí wọ́n fi tọ́ mi nìyẹn." Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní, "Ṣé o máa ń jẹ́ kéèyàn sọ̀rọ̀ ni?"

Nígbà tá a dé Ọlá, ẹ̀gbọ́n wọn wo eruku ara wọn láti òkè délẹ̀. Wọ́n ní, "Ta ló ṣe ọ́ báyìí?"

Màmá ní, "Ọkọ Bọ́sẹ̀ ni."

Mo rò pé etí mi ló ń tàn mí. Màmá na síńgílẹ́ẹ̀tì sí ẹ̀gbọ́n wọn. "Ẹ̀gbọ́n mi, kò mọ ọkọ̀ tún ṣe, ẹnu ẹ̀ sì pọ̀. Àmọ́ mo ṣílẹ̀kùn irọ́ fún un, kò wọlé."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ ni pé kí n máa mọ ẹni tí mo gbé kí n tó di tíṣà nínú ọkọ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì náà ṣì wà lọ́wọ́ màmá. Tí mo bá ti ń ṣàlàyé ohun tí mi ò mọ̀, wọn kì í bá mi jiyàn. Wọ́n á kàn dìde, wọ́n á forí lé yàrá bí ẹni tó fẹ́ lọ mú nǹkan wá. Màá rẹ́rìn-ín, màá sì panu mọ́.