Báàjì Pupa Dókítà Fanshawe

Ẹni tó bá bèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Dókítà Rupert Fanshawe kì í bèèrè ọ̀nà rárá, òun ló máa ń júwe rẹ̀, àní fún onílé. Ọ̀gá mi ni, ní ilé ìwòsàn àrùn ọpọlọ tí a ti ń ṣiṣẹ́ nítòsí Huddersfield nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kí aláìsàn tó la ẹnu, ó ti mọ ohun tó ń ṣe é. Bí aláìsàn bá ní kì í ṣe bẹ́ẹ̀, Fanshawe á ní ara àìsàn náà nìyẹn.

Nígbà tí wọ́n ní kí gbogbo àwa dókítà ọpọlọ lọ gba ẹ̀kọ́ lórí ọ́tísíìmù, ìyẹn irú ọpọlọ tó yàtọ̀ tí wọ́n máa ń bí mọ́ àwọn kan, ó bínú. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n Fanshawe ní ọgbọ́n tòun nìkan ti tó òun láti mọ wèrè. Àfi ìgbà tó gbọ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti máa yan olórí ẹ̀kọ́ náà fún gbogbo àgbègbè wa, pé bí a bá ṣe ń mu tíì ni àwọn tó ń yàn á máa bá ẹni tó bá wù wọ́n sọ̀rọ̀. Ojú ẹsẹ̀ ló ní kí ìyàwó rẹ̀ pe àwọn ẹbí wá jẹun oyè lálẹ́ ọjọ́ ẹ̀kọ́ náà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, èmi ni mo wa mọ́tò. Lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, Imogen Tyldesley dúró ti tábìlì kan tí báàjì kún orí rẹ̀. Olùkọ́ wa lọ́jọ́ náà ni, òun fúnra rẹ̀ sì ní ọ́tísíìmù.

"Ẹ káàárọ̀. Ẹ mú báàjì tó bá yín lára mu. Àwọ̀ ewé túmọ̀ sí pé..."

"Mo mọ̀ ọ́n." Fanshawe mú pupa, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ àyà kóòtù.

"Ṣó dá yín lójú, sà?"

"Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí ẹ." Ó wá sọ ọ́ sí mi létí pé, "Pupa làwọn ọ̀gá ń lò. Ìwọ mú àwọ̀ ewé, ó tó ẹ."

Mo dúró gbọ́ ìyókù. Àwọ̀ ewé: ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀. Pupa: ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bá mi sọ̀rọ̀. Ariwo àti èrò máa ń ni àwọn mìíràn lára. Mo sáré tọ ọ̀gá mi lọ.

"Ọ̀gá, báàjì yẹn..."

"Ìlara ò dáa," ó ní.

Báàjì rẹ̀ ti ní kí n má bá òun sọ̀rọ̀, mo bá lọ jókòó. Òfin ṣáà ni òfin.

Tíì dé. Ẹni tó ń gbé e kiri ń bi oníkálukú bóyá ó fẹ́ mílíìkì. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ Fanshawe, ó wo àyà rẹ̀, ó rọra gbé ife kalẹ̀, ó kọjá. Lọ́dọ̀ wa, tíì láìsí mílíìkì, ìyà ni. Ó fajú ro, ó gbé e mì bí ẹni ń mu àgbo.

Lọ́sàn-án, ó gbé búrẹ́dì ẹlẹ́yin rẹ̀ lọ jókòó sáàárín àwọn tó ń yan olórí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn rọra gbé àwo, wọ́n ṣí kúrò fún un. Ó ṣẹ́jú sí mi lókèèrè: ṣé o rí ọ̀wọ̀?

Nínú kíláàsì, ó nawọ́ títí, Tyldesley ò pè é. Ó bá dìde fúnra rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ títí mo fi sùn tí mo jí. Nígbà tó ní "mo dúpẹ́," gbogbo gbọ̀ngàn na ọwọ́ sókè, wọ́n ń jù ú láìsọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ nìyẹn, torí ariwo ọwọ́ máa ń dun àwọn kan létí. Fanshawe rò pé wọ́n ń kí òun ni. Ó juwọ́ padà bí ọba.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n kéde olórí: Dókítà Sowerby, obìnrin jẹ́jẹ́ kan láti Wakefield, tó fi gbogbo ọjọ́ bèèrè ìbéèrè.

Fanshawe fò dìde. "Ṣé ẹ ò mọ̀ mí ni? Láti àárọ̀, ẹnì kan ò bá mi sọ̀rọ̀!"

"Ẹ̀yin lẹ ní ká má bá yín sọ̀rọ̀, sà," Tyldesley dáhùn. "Ohun tí báàjì àyà yín ń sọ nìyẹn."

Ó wo báàjì, ó wò mí. "O mọ̀?"

"Ọ̀gá, ẹ ní ìlara ò dáa."

Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, nítorí oúnjẹ oyè ti ń jinná nílé rẹ̀. Ẹni tí ojú bá tì máa ń dákẹ́, ṣùgbọ́n tiwa ò dákẹ́. Ó já pupa dànù, ó sáré lọ sídìí tábìlì, ó lẹ àwọ̀ ewé mọ́ àyà.

"Ó yá, ó ti tán. Ẹ máa bọ̀, ẹ wá bá mi sọ̀rọ̀. Àlàyé mi pọ̀."

Dókítà Sowerby ló kọ́kọ́ dìde, ó lọ sídìí tábìlì, ó mú pupa kan. Tyldesley mú tirẹ̀. Àwọn tó kù tò sẹ́yìn wọn. Èmi tí mo máa wà nínú mọ́tò kan náà pẹ̀lú rẹ̀ títí délé, méjì ni mo mú.