Ọjọ́ Tí Mo Fi Gbòǹgbò Ẹ̀wà Yan Olóyè ní Ọ̀kà

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi títí wọn yóò fi gbé mi sin: ọjọ́ tí mo gbé gbòǹgbò ẹ̀wà lọ sí Ọ̀kà láti lọ fi gba ìyàwó.

Ìkàrẹ́ ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama ní báọ́lọ́jì nígbà náà. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè kejì ní yunifásítì ni, ẹ sì mọ bí oyè kejì ṣe máa ń pa ọ̀dọ́mọkùnrin bí ọtí. Bùnmi, ọmọ Ọ̀kà, ni mo fẹ́ fẹ́. Bàbá rẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, kò tíì sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sì sọ pé rárá. Ohun tó sọ ni pé, "Olùkọ́, wá bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ ìmọ̀ ní gbọ̀ngàn àdúgbò. Jẹ́ kí àwọn èèyàn mi rí ẹni tí ọmọ mi mú wálé. Tó o bá ṣe é dáadáa, kó o máa mú àwọn òbí rẹ bọ̀."

Ẹlòmíràn ì bá sọ̀rọ̀ lórí ìmọ́tótó, kó gba ìyàwó rẹ̀, kó máa lọ. Èmi kọ́. Ohun tí mo kọ̀wé lé lórí ní yunifásítì ni mo gbé jáde: àwọn purotéènì kan tí wọ́n jẹ́ ọmọ baba kan náà, tí wọ́n wà nínú ẹranko àti nínú ewéko, àti bí àdánidá ṣe ń yan èyí tí yóò dúró nínú wọn. Mo tún ní Yorùbá pọ́ńbélé ni mo máa fi sọ ọ́. Ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, mo lẹ ìkéde mọ́ ògiri gbọ̀ngàn náà fúnra mi: YÍYÀN LÁÀÁRÍN ÌDÍLÉ: TA NI YÓÒ DÚRÓ, TA NI YÓÒ KÓGBÁ WỌLÉ? Mo sún sẹ́yìn, mo wò ó, inú mi dùn sí ara mi.

Ohun tí mi ò béèrè ni pé kí ló ń lọ ní àdúgbò náà. Olórí àdúgbò ti kú, ìdílé méjì sì ń du oyè rẹ̀. Bàbá Bùnmi gan-an ni ìdílé kìíní fà kalẹ̀. Wọ́n ní àwọn làwọn kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó. Ìdílé kejì, baba ńlá tiwọn wá dá oko ẹ̀wà láti apá Ẹtìórò ni, "Ọmọ Ẹlẹ́wà" ni wọ́n sì fi ń bú wọn, pé àlejò ni wọ́n, wọn kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ onílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí ti mọ̀ báyìí. Èmi tí mo fẹ́ di àna wọn ò mọ̀. Bùnmi tí ì bá sọ fún mi, iṣẹ́ káńsù ló ń ṣe ní Òkè-Àgbè, kò sì rí ìkéde náà títí di ọjọ́ náà. Bàbá rẹ̀ rí i ní tirẹ̀, ó sì rò pé ọmọ dáadáa yìí fẹ́ fọgbọ́n polongo fún òun ni.

Mo gun ọ̀kadà láti Ìkàrẹ́, àpò gbòǹgbò ẹ̀wà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ hú wà lórí itan mi. Kí n tó dé, ẹrẹ̀ ti jò sí ṣòkòtò funfun tí mo lọ̀ fún àna. Mo fi ìwé mi bo ibẹ̀, mo wọlé. Dípò àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn àgbààgbà ló kún ibẹ̀, apá kan lọ́tùn-ún, apá kan lósì, kò sẹ́ni tó jókòó sáàárín. Mo rò pé òkìkí mi ló ti kàn dé ibẹ̀. Ẹ gbà mí, orí mi wú.

"Ìdílé kan wà," ni mo fi bẹ̀rẹ̀, "baba ńlá kan ló bí wọn."

Àwọn àgbà mi orí.

"Nígbà tó yá, wọ́n pín. Apá kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa yìí, òun ló ń gbé afẹ́fẹ́ káàkiri ara. Apá kejì..." Mo fa gbòǹgbò yọ nínú àpò. "Inú ẹ̀wà ló wà!"

Mo fi abẹ la ọ̀kan nínú àwọn kókó wẹẹrẹ ara gbòǹgbò náà, inú rẹ̀ pọ́n. Mo gbé e sókè. "Ẹ wò ó! Ẹ̀wà náà ní ẹ̀jẹ̀! Ọmọ baba kan náà ni òun àti tiwa, ìwádìí ti fi hàn!"

Apá òsì, níbi tí àwọn Ọmọ Ẹlẹ́wà jókòó sí, bú sáyọ̀. Bàbá arúgbó kan dìde nínú wọn, ó na ọ̀pá sí apá ọ̀tún. "Ṣé ẹ rí i? Olùkọ́ là á lójú yín, ó pọ́n!"

Nínú gbọ̀ngàn náà, lọ́wọ́ ẹ̀yìn, Bùnmi la ojú sí mi, ó ń mi orí kíkankíkan. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

Ọkùnrin kan béèrè láti apá ọ̀tún pé, "Ẹni tó kọ́kọ́ dé ńkọ́? Ṣé òun kọ́ ló yẹ kí wọ́n yàn ni?"

"Rárá, sà. Àdánidá kì í béèrè ẹni tó kọ́kọ́ dé. Èyí tó bá wúlò níbi tó wà ló ń yàn. Ojú ibi tí purotéènì yìí fi ń di afẹ́fẹ́ mú, kò gbà kó yí. Èyí tó bá yí níbẹ̀ kì í pẹ́ parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀dà tí kò bá níṣẹ́ lọ́wọ́ mọ́, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ibi tó jókòó sí náà ni yóò ti máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀."

Gbogbo ojú yí sí bàbá Bùnmi, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì. Ẹnìkan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ìgbà yẹn ni Bùnmi rìn wá síwájú, tó sọ gbogbo ọ̀rọ̀ sí mi létí. Ẹni tó gbọ́n ì bá dákẹ́. Èmi pariwo: "Ẹ má bínú o! Ẹ̀wà tí à ń jẹ ni mò ń wí, ẹ̀wà lásánlàsàn!"

"Ta lo fẹ́ jẹ?" ni apá òsì fi dáhùn. "Ta ni lásánlàsàn?"

Báyìí ni ìdílé méjì tí kò fohùn ṣọ̀kan rí ṣe pawọ́ pọ̀ bú mi. Ẹnu ìlú wọn ni wọ́n fi bú mi, èmi ọmọ Òkè-Àgbè ò gbọ́ ju ìdajì lọ, ìdajì náà sì tó mi.

Níta, bàbá Bùnmi ò pariwo. Ó ní, "Olùkọ́, o mọ ìdílé gbòǹgbò ẹ̀wà dé ọ̀dọ̀ baba ńlá rẹ̀. Láti ọdún méjì tó o ti ń jẹun nílé mi, o ò bi mí léèkan rí pé ìdílé wo ni mo ti wá."

Àwọn Ọmọ Ẹlẹ́wà ló jẹ oyè náà. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ìbínú bàbá rọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló tún ń sọ ìtàn náà fún àlejò, tó ń rẹ́rìn-ín. Ó ránṣẹ́ pé kí n mú àwọn òbí mi wá. Mo sáré lọ sọ fún Bùnmi ní Òkè-Àgbè, mo ní Ọlọ́run ti yọ wá.

"Yọ ìwọ," ló wí. "Èmi ò fẹ́ mọ́."

"Nítorí ẹ̀wà?"

"Ẹ̀wà kọ́. Mo ń mi orí sí ọ, kó o dákẹ́. O rí mi, o sì rò pé mò ń yìn ọ́."

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyẹn: kí n tó la ẹnu mi sọ̀rọ̀ ìdílé níbikíbi, mo máa ń kọ́kọ́ béèrè ta ni ọmọ ta. Mo sì ti ń wo ojú èèyàn báyìí, kódà mo máa ń wò ó jù. Tí mo bá ń sọ ìtàn yìí, ẹ̀rín máa ń pa mí. Lọ́jọ́ yẹn náà mo gbìyànjú ẹ̀rín, níwájú káńsù Òkè-Àgbè. Bùnmi ò bá mi rín in.