Bí Oyèkànmí Télọ̀ Ṣe Ṣẹ́gun Pẹ́ẹ̀nì Eléèéfín

Ẹ̀yin tó ń kọjá lọ, ẹ ṣí fìlà, nítorí orúkọ akọni fẹ́ jáde lẹ́nu: Oyèkànmí télọ̀, ọmọ Oyèdòkun tó lé ewúrẹ́ kúrò nídìí iṣu tí ewúrẹ́ sì padà wá jẹ iṣu náà lójú rẹ̀, ọmọ-ọmọ Oyèlàmí tó gbọ́ pé ogun ń bọ̀ lọ́túnla tó sì ti sá dé oko kí ilẹ̀ tó ṣú, baálé ilé tí kò ní ilé, ọkùnrin mẹ́ta tó kó ìyàwó, tó kó ọmọ, tó gbé maṣíìnì ìránṣọ, tó wá fi gbogbo wọn jókòó síwájú ilé àna rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni iná sìgá já bọ́ lẹ́nu akọni yìí sórí agbádá tó ń rán fún àna rẹ̀, Alàgbà Awóyẹmí, tó sì jó ihò sí àyà agbádá náà. Bàbá kò pariwo. Ó kàn ní, "Ọkọ Ìbíwùmí, ọjọ́ tí mo bá tún rí sìgá lẹ́nu rẹ, ọjọ́ náà ni wàá gbé maṣíìnì rẹ kúrò níwájú ilé mi." Oyèkànmí búra, ojú rẹ̀ rọ̀. Láti ìgbà náà, pẹ́ẹ̀nì eléèéfín tí wọ́n ń pè ní féèpù ló fi ń tan ọ̀fun rẹ̀ jẹ: bátìrì wà nísàlẹ̀, kátíríìjì wà lókè, ìyẹn ìgò kékeré tó kún fún òróró tábà tí wọ́n sè títí tó fi ki bí oyin.

Àfi bó ṣe di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú, tí akọni gbé pẹ́ẹ̀nì sẹ́nu, tó fà á, tí èéfín kò wá. Iná rẹ̀ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kú. Ní òdìkejì títì, páálí sìgá tò sórí tábìlì ìyá kan, wọ́n ń wò ó, òun náà sì ń wò wọ́n. Ó mọ̀ pé bí pẹ́ẹ̀nì yìí kò bá jí, òun yóò sọdá títì kí oòrùn tó kan àtàrí, òun yóò sì gbé maṣíìnì òun kúrò níwájú ilé àna kí ilẹ̀ tó ṣú.

Nígbà náà ni ẹkùn bú! Oyèkànmí, arógunyọ̀ nílé nìkan, fa ẹnu ìgò náà títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ fi wọlé, òróró sì tú sí i lẹ́nu, ó korò bí òróǹro. Ó fi bátìrì tó ti kún tẹ́lẹ̀ sí ṣájà, bí ẹni tó ń fún aláyó lóúnjẹ. Ó mú pílàyà, ó fún kátíríìjì náà mọ́ bátìrì títí ọrùn rẹ̀ fi ké. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún ọmọ Oyèdòkun? Iná tún ṣẹ́jú. Omi bọ́ lójú akọni, kì í ṣe ti ọyẹ́.

Ìbíwùmí ìyàwó rẹ̀, tó ń ta oyin ìgò lẹ́gbẹ̀ẹ́ maṣíìnì, ti ń wò ó láti àárọ̀.

"Bàbá Àńjọlá," ó ní, "ẹ wo ìgò yẹn dáadáa. Gbogbo òróró ti lọ dì sí ihò ẹnu rẹ̀. Ṣebí àpò àyà lẹ máa ń ki í bọ̀ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Bàbá, láàárọ̀ lálẹ́? Bàbá yóò sì fi oríkì ìran yín àti àdúrà dè yín mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, tí pẹ́ẹ̀nì náà yóò dùbúlẹ̀ pẹ̀lú yín. Ta ló ń fi oyin dùbúlẹ̀ nínú ọyẹ́? Ẹ gbé e nàró, ẹ mú kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ wá fà á jẹ́jẹ́."

Kò sí ẹni tó ní kí akọni dúpẹ́, akọni kò sì dúpẹ́. Ó tú kátíríìjì náà, ó fi òwú àti sípíríìtì nu ìdí rẹ̀, ó há a sí abíyá, ó sì jókòó gan-an pẹ̀lú apá kan lílẹ̀ mọ́ra bí adìẹ tó dá lápá, nígbà tí oníbàárà méjì ń béèrè aṣọ wọn. Bó ti ń wo ẹnu bátìrì ló rí i pé pílàyà òun ti tẹ irin kékeré àárín rẹ̀ wọlé. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ kan nípa rẹ̀: ọwọ́ rẹ̀ mọ abẹ́rẹ́. Ó fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín gbé irin náà sókè, díẹ̀ báyìí, kò já a. Ó wá dá kátíríìjì padà pẹ̀lú ìka méjì péré, ó fà á bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ gbígbóná wò.

Èéfín dé! Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kò tó ti ìkòkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ṣùgbọ́n Oyèkànmí fò sókè, ó na ọwọ́ méjèèjì sọ́run. Àwọn páálí òdìkejì títì sì padà di páálí lásán.

Ìgbà náà ni ẹsẹ̀ Alàgbà Awóyẹmí dún ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọwọ́ akọni ti ń lọ sí àpò àyà kó tó rántí. Ó yára ki pẹ́ẹ̀nì náà sínú ihò rílì òwú kan tó ti tán lórí maṣíìnì, ó nà án ró ṣánṣán, òun fúnra rẹ̀ sì nà gbalaja sílẹ̀.

Ẹ kéde rẹ̀ dé Ọ̀yọ́, ẹ kéde rẹ̀ dé Ìlọrin: Oyèkànmí ọmọ Oyèdòkun ti ṣẹ́gun! Ó dojú bo erùpẹ̀, àna rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ oríkì ni, ọyẹ́ sì ń mú ikùn rẹ̀; ṣùgbọ́n láti òní lọ, ohun kan tó jẹ́ ti Oyèkànmí wà lórí ìdúró nínú ilé yẹn.