Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ ní Ṣọ́ọ̀bù Ìbọn

Ọjọ́ kan wà tó jókòó sí mi lọ́kàn tí kò fẹ́ dìde, bí mo tilẹ̀ ń lé e. Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé èèyàn lè má dáràn rí láyé rẹ̀, kí ojú sì tì í ju ẹni tó dáràn lọ.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Calumet City, ní Amẹ́ríkà níbí. Iṣẹ́ mi ni kí n fún wọn lóògùn, kí n nu ẹnu wọn, kí n sì fi ẹ̀rín gba èébú lọ́wọ́ wọn. Èmi àti ìyàwó mi, Ìyá Fàrúùkù, pẹ̀lú ọmọ wa méjì ń gbé ní Country Club Hills, níbi tó jẹ́ pé koríko tí aládùúgbò kò gé ló sábà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ìyàwó mi kó àwọn ọmọ dé láti ilé ìwé, ó bá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn ní fífọ́. Olè ti gbé tẹlifíṣọ̀n lọ. Èyí tó wá dun ìyàwó mi jù ni pé olè náà jókòó jẹ ìrẹsì tó wà lórí sítóòfù, ó sì fi àwo sínú síńkì. Ó ní olè tó bá lè fara balẹ̀ jẹun nílé onílé, kò bẹ̀rù ẹnikẹ́ni, ó sì máa padà wá. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó ti kó àwọn ọmọ lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ní Hyde Park. Ó ní ọjọ́ tí ọkàn òun bá balẹ̀ lòun máa padà.

Ilé wá dákẹ́. N kò ní purọ́ fún yín, mo sunkún. Mo máa ń ti ibi iṣẹ́ dé, màá dúró nídìí síńkì jẹun, nítorí n kò lè jókòó sídìí tábìlì tí àga mẹ́ta ṣófo níbẹ̀. Mo tún ilẹ̀kùn ṣe, ṣùgbọ́n lójú tèmi, ilẹ̀kùn nìkan kò tó. Mo pinnu pé màá ra ìbọn, màá tì í mọ́ inú àpótí irin, màá wá pe ìyàwó mi pé, "Ó yá, máa bọ̀ nílé, ọkọ rẹ ti gbára dì." N kò bi í léèrè rárá. Ọkùnrin tó bá fẹ́ ṣe akọni kì í rántí bi ẹnikẹ́ni.

Mo gba káàdì tí ìpínlẹ̀ fi ń gbani láàyè láti ní ìbọn, mo sì wakọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan ní ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa. Òyìnbó onírùngbọ̀n funfun kan ló ni ín. Ó fi orúkọ mi ránṣẹ́ sí ìjọba kí wọ́n wò ó bóyá mo ti dáràn rí, ó ní kí n máa retí fún ọjọ́ mélòó kan. Ọjọ́ mélòó kan yẹn kọjá, èsì kò dé. Mo pè é lórí fóònù. Ó ní, "It's a delay, sir. Ó máa ń ṣẹlẹ̀." Ó dá mi lójú pé orúkọ mi ló fà á. Bí èèyàn bá pe orúkọ yẹn ní mọ́ṣáláṣí wa lọ́jọ́ Jímọ̀, kì í ṣe ẹnì kan ló máa bojú wẹ̀yìn. Ta ló mọ ohun tí ọ̀kan nínú wọn lọ ṣe ní Texas? Mo ń pe ọkùnrin náà lójoojúmọ́, títí ó fi ṣíwọ́ pípè mí ní "sir".

Níbẹ̀ ni mo ti lọ ṣe àṣìṣe mi. Mo sọ fún Alhaji, àgbà tí gbogbo wa ní mọ́ṣáláṣí ń kó ẹjọ́ bá.

Alhaji ní, "Ṣé o ti lọ bẹ̀ ẹ́?"

"Alhaji, ìjọba ló ń ṣe background check, kì í ṣe òun."

"Àbúrò, listen. Ta ló fi orúkọ rẹ ránṣẹ́? Òun náà ni. So, ó ní ẹni tó mọ̀ níbẹ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Saturday, a jọ ń lọ."

Nígbà tó di Sátidé, Alhaji wọ agbádá funfun. Ìyàwó rẹ̀, Alhaja, ti fi fọ́ìlì wé mọ́ínmọ́ín sínú ọ̀rá fún wa, nítorí a kì í lọ bẹ èèyàn lọ́wọ́ òfo. A wọ ṣọ́ọ̀bù, àwọn oníbàárà mélòó kan wà níbẹ̀. Alhaji fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi níhà, ó ní, "Oyá, kí wọn dáadáa."

Ó ti pẹ́ tí mo ti wà ní Amẹ́ríkà, mo mọ̀ pé òyìnbó kì í gba ìdọ̀bálẹ̀. Àmọ́ bí Alhaji bá ní kí èèyàn kí èèyàn, ara á ti lọ sílẹ̀ kí ọpọlọ tó dá sí i. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú káńtà.

Ẹnì kan kígbe pé, "Get down!" Gbogbo wọn dojú bolẹ̀. Bí èèyàn bá ṣubú lójijì ní ṣọ́ọ̀bù ìbọn, ohun kan ṣoṣo làwọn tó kù máa ń rò. Obìnrin kan wọ abẹ́ tábìlì, oníṣọ́ọ̀bù fúnra rẹ̀ pòórá sẹ́yìn káńtà. Alhaji nìkan ló dúró pẹ̀lú ọ̀rá mọ́ínmọ́ín. Ó wo gbogbo wọn, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Ṣé o rí i? Respect! Wọ́n ní home training."

Oníṣọ́ọ̀bù dìde. Alhaji wá ń to àwọn nǹkan tí a fi fọ́ìlì wé síwájú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin náà sì ń fi ẹ̀yìn rìn. Mo ní, "Beans ni! Oúnjẹ ni!" Ó mí kanlẹ̀, ó bi mí pé kí ló dé tí mo ń kánjú tó báyìí. Kí n tó la ẹnu, àgbà ti gba ọ̀rọ̀.

Alhaji ní, "My son, n kò ní purọ́ fún ọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kó lọ. She packed the children too. Láti ìgbà yẹn, kò jẹun, kò sùn. Ìbọn yìí nìkan ló lè yanjú ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn."

Mo ní rárá o, olè ló fà á, olè tó jẹ ìrẹsì mi. Oníṣọ́ọ̀bù rọra bi mí pé, "Ta ni ọkùnrin tó jẹ ìrẹsì yín, sir?" Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ni ọ̀rọ̀ ń bàjẹ́ sí i. Ó ní kódà bí ìjọba bá fọwọ́ sí i, òun kò ní ta ìbọn fún mi láéláé. Ó ní kí n lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí ọkàn rẹ̀ dàrú sọ̀rọ̀. Ó sọ ọ́ tàánútàánú, ìyẹn ló dùn mí jù.

Alhaji dé ilé, ó ròyìn fún Alhaja. Alhaja, kí Ọlọ́run fún un lẹ́mìí gígùn, gbé fóònù láti bá mi bẹ ìyàwó mi. Ó ní, "Jọ̀ọ́, padà sílé o. Ọkọ rẹ ti ń wá ìbọn kiri nítorí rẹ."

Nígbà tí mo gbọ́, mo sáré wa ọkọ̀ lọ sí Hyde Park. Ìyàwó mi ṣílẹ̀kùn díẹ̀, ẹ̀wọ̀n ilẹ̀kùn ṣì wà níbẹ̀. Mo rí ojú rẹ̀ ní ìdajì. Obìnrin tó ti bí ọmọ méjì fún mi wò mí, ó ní, "Bàbá Fàrúùkù, ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ yín."

Mo na ọwọ́ méjèèjì sókè. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó gbé àpò ìwé, tó ń gun àtẹ̀gùn bọ̀, rí mi, ó yí padà, ó sọ̀ kalẹ̀. Fóònù mi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú àpò, n kò sì lè gbé e. Mo dúró bẹ́ẹ̀, mo sọ ohun gbogbo fún un, omi ń bọ́ lójú mi, ọwọ́ mi ń ro mí. Nígbà tó ní kí n sọ ọwọ́ kalẹ̀, mo wo fóònù. Oníṣọ́ọ̀bù ló pè. Ó fi ohùn sílẹ̀ pé èsì ìjọba ti dé, mi ò lẹ́ṣẹ̀ kankan lọ́rùn, àmọ́ òun kò ní yí ọ̀rọ̀ òun padà.

Mo ní, "Ìyá Fàrúùkù, wọ́n ní mo mọ́."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ìjọba."

"Kí ìjọba máa bá yín gbé, then." Ó ti ilẹ̀kùn.

Ó padà wálé nígbẹ̀yìn, nígbà tí ara rẹ̀ ti balẹ̀. Àṣé ohun tó ń fẹ́ kò ju pé kí n yí àkókò iṣẹ́ mi padà, kí n lè máa wà nílé kí òun àti àwọn ọmọ tó dé, kó má jẹ́ òun ni yóò máa kọ́kọ́ wọ ilé òfìfo. Ìbéèrè kan péré ni ì bá fún mi ní ìdáhùn yẹn. Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nìyí: ẹni tó bá fẹ́ lé ẹ̀rù kúrò lọ́kàn ẹlòmíì, kó kọ́kọ́ bi í pé kí ló ń bà á lẹ́rù, kó má lọ di ẹ̀rù náà fúnra rẹ̀.

Títí dòní, bí mo bá yọ sí i lójijì láti yàrá, ọwọ́ mi ló máa ń kọ́kọ́ wò, kó tó wo ojú mi. Màá na ọwọ́ náà sókè, màá rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tán.