Ìwé Tí Mo Kọ sí Mánéjà Báńkì

Bí mo tilẹ̀ gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ tí mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún mẹ́sẹ́njà báńkì kò ní tán lọ́kàn mi.

Akọ̀wé ni mí ní kọ́ńpìnnì Bàbá Àkànní, tó ń ra kòkó ní Bẹ́yẹrúnkà. Ìwé mẹ́fà péré ni mo kà, àmọ́ bí ẹ bá rí bí mo ṣe ń fi pẹ́ńsù há etí, ẹ ó rò pé mo ti ìlú òyìnbó dé ni. Báńkì kan ṣoṣo ni Bàbá ń bá ṣe láti ọjọ́ pípẹ́. Ibẹ̀ ni owó ọjà wọn ń lọ, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń yá èyí tí wọ́n fi ń san ti àwọn àgbẹ̀.

Mo wá gbọ́ pé báńkì tuntun kan ní Ògùnpa ń gba èlé tó kéré. Ni ọgbọ́n bá gùn mí. Mo gbé ìwé méjì síwájú Bàbá, tí wọn ò mọ̀wé: ọ̀kan láti ṣí àkáǹtì tuntun, ọ̀kan sí mánéjà wa pé a ti rí ibi tó dáa jù. Mo ní ìwé ìkíni ni. Wọ́n tẹ ìka sí méjèèjì. Títí dòní ni irọ́ yẹn ń dùn mí.

Àsìkò kòkó dé. Àwọn àgbẹ̀ ti jókòó sórí àpò wọn, wọ́n ń retí owó. Mo yá kóòtù, mo sáré lọ yá owó ní báńkì Ògùnpa. Ọkùnrin kan tó so táì ṣílẹ̀kùn fún mi. Mo dọ̀bálẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́, mánéjà wa!" Kóòtù ya lẹ́yìn, fàà!

"Dìde, ọmọ. Ilẹ̀ tó o dùbúlẹ̀ sí yẹn, èmi ni mo gbá a."

Mánéjà gan-an ò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tá a mọ̀ dáadáa là ń gba èlé kékeré lọ́wọ́ ẹ̀. Oṣù mélòó la ti mọ̀ yín?" Iye èlé tó bù lé wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti àtijọ́.

Mo fọwọ́ bo ẹ̀yìn kóòtù, mo lọ bá mánéjà wa àtijọ́. Ó fa ìwé mi yọ. "Owó ọjà tó ń wọlé síbí ni mo fi ń mọ̀ pé kọ́ńpìnnì yín ń lọ déédéé. Nígbà tí mi ò rí i mọ́, èlé tí àjèjì ń san lẹ máa san."

Mo padà lọ kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ fún Bàbá. Mo ti ń di ẹrù mi lọ́kàn. Wọ́n kàn dé fìlà: "Dìde, jẹ́ ká lọ."

Wọn ò ná ọjà kankan ní báńkì wa àtijọ́. "Mánéjà, lọ́dún tí òjò ba kòkó wa jẹ́, ta ló wá sọ fún yín kí ẹ tó gbọ́?"

"Ẹ̀yin náà ni, Bàbá."

"Èmi ọ̀hún ni mo dúró yìí. Ọmọ ló ṣìwà hù."

Mánéjà mí kanlẹ̀. "Ẹ jẹ́ kí owó ọjà padà síbí, Bàbá. Èlé àtijọ́ náà la ó gbà."

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé èlé kékeré yẹn kì í ṣe ẹ̀bùn. Òtítọ́ tí Bàbá ti ń sọ láti ọdún pípẹ́ wá ló rà á. Wọn ò lé mi, Ọlọ́run bá mi kẹ́ wọn. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kí wọ́n tó tẹ ìka sí ìwé kankan, wọ́n á wo ojú mi: "Akọ̀wé oníkóòtù, kà á sókè, ká gbọ́." Èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá sì kà á.