Ère Tí Ó Di Erè

Agbẹ́gilére sáré wọlé pẹ̀lú agolo fáníìṣì lọ́wọ́, òógùn bo gbogbo ojú rẹ̀. Lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn tí àǹtí rẹ̀ aránṣọ yá a láti máa ṣiṣẹ́, ó bá àǹtí náà lórí àga, áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ́wọ́ kan, ọ̀pá ìwọnṣọ lọ́wọ́ kejì.

“Má wọlé! Ó ṣì wà níbẹ̀.”

“Ta ni, Àǹtí mi? Ṣé ìyá tó ń yan iṣẹ́ fún ìpàtẹ ọnà ti dé?” Ọdún mẹ́fà ló ti ń retí obìnrin yìí, òní ni yíyàn sì ń parí.

“Ó dé, ó sì ti lọ. Mo lé e ni.”

Agolo fáníìṣì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

“Ẹ lé e? Àǹtí!”

“Mo gba ẹ̀mí rẹ̀ là! Ṣebí ìwọ lo kọ ìwé sílẹ̀.” Ó fi ọ̀pá há abíyá, ó yọ bébà kan nínú àpò, ó kà á ketekete: “‘Àǹtí mi, erè ńlá wà nínú yàrá. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án kí n tó dé.’”

“Ère! Ère ni mo kọ!”

“Èrè? Èrè wo lo ti jẹ rí nídìí igi?”

“Kì í ṣe èrè. Ère!”

“Eré ni obìnrin náà sá. Bàtà rẹ̀ kan rèé.”

Agbẹ́gilére gba bébà náà, ó wò ó. Kò fi àmì ohùn kankan sí i.

“Wò ó dáadáa,” ni àǹtí wí. “Ó pá bí orí bàbá rẹ.”

“Ṣùgbọ́n Àǹtí mi, ta ni yóò kọ ìwé pé kí ẹ má fọwọ́ kan erè?”

“Mo ṣebí o mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í dúró jẹ́ẹ́.”

“Fáníìṣì ara rẹ̀ ni kò tíì gbẹ!”

“Mo rí i pé ara rẹ̀ ń dán. Mo yọjú nínú ihò kọ́kọ́rọ́, mo rí i tó lọ́ mọ́ ẹnì kan lọ́rùn!”

“Téèpù yín nìyẹn! Ẹ̀yin ni mo gbẹ́, ẹ̀yin àti téèpù tẹ́ ẹ máa ń fi kọ́rùn.”

Àǹtí gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. “Èmi? Kí ni mo ṣe fún ọ?”

“Ẹ̀yin lẹ mí sí mi.”

“N kò mí sí ẹnikẹ́ni! Mo fọ eyín mi láàárọ̀ yìí.”

“Ìmísí ni mò ń wí. Oníṣẹ́ ọnà kan á wo òkun, òmíràn á wo òkè. Èmi, ẹ̀yin ni mò ń wò. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ ki òwú bọ abẹ́rẹ́, ẹ ó di ojú kan, ẹ ó yọ ètè síta...”

“Ètè ta lo yọ síta?”

Àǹtí sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó ṣílẹ̀kùn fúnra rẹ̀, ó wọlé, ó yí igi náà po lẹ́ẹ̀mejì.

“Imú yìí tóbi.”

“Imú yín ni.”

“Mo mọ̀. Mo kàn ní ó tóbi ni.”

Fóònù Agbẹ́gilére dún. Ó gbé e.

“Ẹ kúuṣẹ́, mà... Rárá, mà, kò gbé ẹnikẹ́ni mì. Igi ni, mà. Igi!... Ẹ yọjú lójú fèrèsé kí ẹ tó sá?... Ẹ ní kí ni?”

Ó fọwọ́ bo fóònù. Ẹ̀rín ti fẹ́ gbé e ṣubú.

“Àǹtí mi, ó ní òun rí i, òun sì ti ń ṣàánú obìnrin tí erè fún lọ́rùn! Ó ní igi tó bá lè lé òun sáré dé ìdíkọ̀, òun ti yàn án nìyẹn!”

Àǹtí ju ọ̀pá ìwọnṣọ sókè, ó jó yí ère náà ká.

“Ó ku ẹyọ kan,” ni Agbẹ́gilére wí. “Ó ní kí ẹ wá jókòó ti ère yìí lọ́jọ́ ìpàtẹ, kí àwọn awòran lè wò yín pọ̀.”

“Iṣẹ́ wo ni n ó máa ṣe níbẹ̀?”

“Ẹ kò ní ṣe nǹkan kan. Kí ẹ ṣáà dákẹ́ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́.”

Ijó dúró. Àǹtí wo igi, ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó mi orí.

“Ọmọ mi, nínú àwa méjèèjì, èyí tó lè dákẹ́ nìyẹn. Gbé e máa lọ.”