Bí Mo Ṣe Sọ Bàbá Mi Di Ọmọ Ọmọ-Ọmọ Wọn

Ohun púpọ̀ ni mo ti gbàgbé láyé mi, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo gbé kọ̀ǹpútà lọ sí ìpàdé ẹbí wa ní Erúnmu, kò jọ pé yóò kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe n'Íbàdàn, orí mi sì ti wú. Ẹbí wa fẹ́ pín ilẹ̀ oko bàbá bàbá mi, Òjó, kí ẹ̀ka ọmọ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bí gba ìpín tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ìran náà ti pọ̀, ìjà sì ti ń bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó wà ní ẹ̀ka wo. Mo ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún mi, ẹ̀rọ kì í ṣègbè.

Mo bèèrè orúkọ káàkiri agboolé. Gbogbo rẹ̀ ni mo kó sínú tábìlì kan ṣoṣo nínú kọ̀ǹpútà: lórí ìlà kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹnì kan, kí orúkọ bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e. Bí mo bá dárúkọ Òjó, kọ̀ǹpútà á wá gbogbo ẹni tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Òjó, á tún wá ọmọ tiwọn, títí dé orí ẹni tí kò tíì bímọ. Ó rọrùn, àbí? Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Mi ò tilẹ̀ dán an wò.

Lọ́jọ́ ìpàdé, jẹnẹrétọ̀ ń dún gbùù lẹ́yìn ilé, ẹbí pé jọ. Bàbá mi, tí wọ́n jẹ́ àkọ́bí, jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Mo tẹ bọ́tìnì. Ó jáde: Òjó bí Àlàbí, ìyẹn bàbá mi. Àlàbí bí Àkànbí, ìyẹn ẹ̀gbọ́n mi. Àkànbí bí Òjó. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òjó bí Àlàbí, Àlàbí bí Àkànbí… Àtẹ́wọ́ dákẹ́. Ìwé ń jáde ṣáá, ó ń wọ́ nílẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà.

Ìyá Ṣadé, ìbátan wa láti ẹ̀ka kejì, figbe ta: "Tiwa ńkọ́? Ẹ ò rí i pé ó ti kó gbogbo ilẹ̀ fún ilé bàbá rẹ̀!"

Bàbá mi mú ìwé nílẹ̀. "Ta ló bí mi níbí?"

"Òjó ni, sà."

"Òjó wo?"

Mo wo ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi. Ọmọ jòjòló tó pọ̀n sẹ́yìn, ó gbé ìwọ́ kọ́rùn wáyé bíi ti bàbá ńlá rẹ̀, Òjó ni wọ́n sì sọ òun náà. Ìgbà yẹn ló yé mi. Kọ̀ǹpútà kò mọ Òjó kan yàtọ̀ sí èkejì. Bó bá ti dé orí ọmọ yìí, á tún padà lọ wá ọmọ Òjó, bàbá mi ló sì máa ń bá níbẹ̀.

"Ó… ó jọ pé Òjó kékeré yìí ni, sà."

Bàbá mi dìde, wọ́n rọra dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ náà. "Ẹ káàárọ̀ o, bàbá mi."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Ṣadé náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òun ló fa wáyà yọ. "Gbé e lọ tún ṣe. Bí orúkọ wa ò bá sí níbẹ̀, a ò ní pín ebè kan."

Mo tún un ṣe. Mo fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà tirẹ̀, nọ́ńbà bàbá ni mo sì kọ síwájú ọmọ dípò orúkọ. Bàbá mi kọ́kọ́ yarí: "Nọ́ńbà? Ṣé ẹlẹ́wọ̀n ni mí ni?" Mo ní kí Òjó kékeré má baà tún bí wọn ni. Wọ́n gbà.

Nígbà tí a tún pàdé, gbogbo ẹ̀ka ló jáde pé. Ìyá Ṣadé yẹ ìwé náà wò lókè nísàlẹ̀, ó ká a, ó sì fi í sápò. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ wá lọ pe awọnlẹ̀ gidi wá."

Láti ìgbà náà, n kì í gbé iṣẹ́ tí mi ò tíì dán wò síwájú àgbà. Orúkọ tó ènìyàn láti fi mọra, kò tó ẹ̀rọ. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn o, àmọ́ ẹ̀rín ẹni tí ojú ń tì ni.